Kíkọ́ Ọmọ ní Ìtàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àgùdà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Ìjọ Àgùdà, kò sí sáà kan tí olùkọ́ tuntun tàbí òbí kan kì í bi mí ní ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn nínú yàrá àwọn olùkọ́.

Ṣé ìtàn tí ẹ ń kọ́ ọmọ yàtọ̀ sí ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni?

Rárá o. Ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ wa ń jókòó ṣe. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 fúnra rẹ̀, ní abala 806, sọ pé ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù ní agbègbè rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé torí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni, a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtàn, òfin ìjọ kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí a ti yàtọ̀ díẹ̀ ni ojú tí a fi ń wo àwọn ènìyàn inú ìtàn. A gbà pé àwòrán Ọlọ́run ni olúkúlùkù. Nítorí náà, ọmọ-ogun tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹrú tí wọ́n kà mọ́ ẹrù nínú ìwé oníṣòwò, obìnrin tí wọ́n lé jáde nílùú nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, gbogbo wọn ló yẹ ká bi ní ìbéèrè tí à ń bi ọba: ta ni ọ́, kí lojú rẹ rí, kí lo ń fẹ́? Bí olùkọ́ bá sọ èyí di àṣà, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í fúnra wọn.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìsìn la tún ń fi orúkọ mìíràn kọ́?

Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ní kíláàsì ìsìn, ọmọ ń kọ́ ohun tí Ìjọ gbà gbọ́. Ní kíláàsì ìtàn, ó ń kọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ pé ó ṣẹlẹ̀, àti bí a ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Olùkọ́ ìtàn tó bá ń fi gbogbo ẹ̀kọ́ parí sí ìwàásù, ìwàásù rẹ̀ kò ní wọlé, ìtàn rẹ̀ náà kò sì ní wọlé.

Ṣé dandan ni kí n jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà?

Abala 803 òfin Ìjọ ní kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà jẹ́ ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọ́ tí ìwà rẹ̀ sì mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gba olùkọ́ tí kì í ṣe Àgùdà síṣẹ́, wọ́n kàn ń fẹ́ kí ó bọ̀wọ̀ fún ohun tí ilé náà dúró lé lórí. Ẹ béèrè lójúkojú lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: kí lẹ ń retí lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo bá dé orí ìwé tó sọ nípa Luther, àlùfáà ará Jámánì tí ìyapa àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn wọn á jẹ́ kí ẹ mọ irú ilé tí ẹ ń wọ̀.

Ṣé ó tọ́ kí a máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ Ìjọ fún àwọn ọmọ Ìjọ?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba olùkọ́ jù.

Ẹ wo ohun tí Ìjọ ń ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì Rere lọ́dọọdún. Wọ́n á ka Ìjìyà Olúwa láti inú Ìhìnrere Jòhánù, gbogbo ìjọ á dúró, wọ́n á sì gbọ́ bí Pétérù ṣe sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọ́n ń yá. Pétérù yìí kan náà ni a kà sí Póòpù àkọ́kọ́. Ìhìnrere mẹ́rin ni a ní, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ì bá rọrùn láti fò ó. Wọn kò fò ó. Ìjọ tó ń ka ìtìjú olórí rẹ̀ àkọ́kọ́ sókè lójú gbogbo ayé, kí ni yóò wá máa bò nípa àwọn tó tẹ̀ lé e?

Kì í sì ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 1881, Póòpù Leo Kẹtàlá ṣí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti Vatican sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, àti Àgùdà àti ẹni tí kì í ṣe Àgùdà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó kọ lẹ́tà lórí ẹ̀kọ́ ìtàn, ó sì yá ọ̀rọ̀ Cicero, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ará Róòmù àtijọ́, lò níbẹ̀: òfin kìíní fún òpìtàn ni pé kó má ṣe purọ́, òfin kejì ni pé kó má ṣe bẹ̀rù àtisọ òtítọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 2000, Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì, John Paul Kejì dúró nínú ilé ìsìn Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọmọ Ìjọ ti ṣẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá, títí kan lílo ipá láti gbèjà òtítọ́ àti ìwà tí wọ́n hù sí àwọn Júù. Ní oṣù Kọkànlá 2024 ni Póòpù Francis tún kọ lẹ́tà lórí bó ṣe yẹ kí a sọ ẹ̀kọ́ ìtàn Ìjọ dọ̀tun, ó ní kí a mọ Ìjọ bó ṣe rí gan-an, kí a sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa, yóò gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ohun tó gbọ́ nìkan ni yóò dùn ún, pé àwa tí ó fọkàn tán mọ̀ tí a sì dákẹ́ ni yóò dùn ún jù.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn ní ìtàn òwò ẹrú láìfi ọ̀rọ̀ Ìjọ bò?

Ẹ fi ìwé sí wọn lọ́wọ́. Ìwé gan-an, kì í ṣe àkótán olùkọ́.

Mo máa ń pín ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí mo yọ láti inú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí mo ti túmọ̀ sí èdè tó yé wọn. Àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ tí Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ sí ọba Pọ́túgà, Afonso Karùn-ún, ní 1452, tó fún un láṣẹ láti ṣẹ́gun àwọn Mùsùlùmí àti àwọn tó pè ní kèfèrí, kó sì kó wọn sínú ìsìnrú títí ayé. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan ní ìlà kejì fi ìka sábẹ́ gbólóhùn yẹn, kò gbé ìka náà kúrò. Nígbà tó yá ó ní, “Mà, ṣé Póòpù gan-an ló fọwọ́ sí i?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Mo jẹ́ kí ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe olùkọ́ bíi pé kó tètè fi “ṣùgbọ́n” kan tu àwọn ọmọ nínú. Ẹ mú sùúrù. Ìdákẹ́ yẹn wà lára ẹ̀kọ́ náà.

Ọmọ náà ló fúnra rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé kò sẹ́ni tó wí fún wọn pé kò dáa?” Ìgbà yẹn ni mo tó pín ìwé kejì: ti Póòpù Paul Kẹta ní 1537, tó sọ pé ènìyàn gidi ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira tàbí dúkìá wọn lọ́wọ́ wọn. Mo sì máa ń sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ ipá ọba Sípéènì, Póòpù kan náà fagi lé ìyà tó ti là kalẹ̀ fún àwọn tó bá rú òfin náà. Ìwé kẹta ni ẹ̀bẹ̀ tí Lourenço da Silva de Mendouça gbé lọ sí Róòmù ní 1684. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, ìdílé ọba ló ti wá, ọmọ Ìjọ sì ni. Ó dúró níwájú àwọn alákòóso Ìjọ, ó ro ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ń tà. Ní 1686, Róòmù dájọ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn oníṣòwò náà ń ṣe lòdì. Òwò náà kò sì dáwọ́ dúró.

Èyí tó máa ń ká wọn lára jù ni ti 1838, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ ló kàn. Ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì ta ẹrú 272, lọ́kùnrin, lóbìnrin, lọ́mọdé, wọ́n sì fi lára owó náà san gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ Georgetown. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1839, Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún kọ ìwé tó dẹ́bi fún òwò ẹrú. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ojú ewé kan lórí wọn. Mi ò tíì rí ọmọ tó kọ ọ́ tí kò ní nǹkan sọ.

Ẹ lè fi ti 2023 kún un, nígbà tí Vatican sọ gbangba ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta pé òun kò fara mọ́ èrò tí wọ́n gbé ka irú ìwé 1452 yẹn, pé ẹni tó bá “ṣàwárí” ilẹ̀ ló ni ín.

Ṣé òótọ́ ni pé Ìjọ sun Galileo?

Wọn kò sun Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì náà. Giordano Bruno, onímọ̀ ará Ítálì mìíràn, ni wọ́n sun, ní 1600, àwọn ọmọ sì máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Galileo jẹ́jọ́ ní 1633, wọ́n mú kó sẹ́ ohun tó gbà gbọ́, pé ayé ń yí oòrùn po, wọ́n sì sé e mọ́lé títí ó fi kú ní 1642.

Ẹ kọ́ wọn pé Copernicus tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1543 jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìsìn ńlá kan, ó sì fi ìwé rẹ̀ júbà fún Póòpù Paul Kẹta. Ẹ kọ́ wọn pé nǹkan kì í ṣe “onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìhín, onísìn ní ọ̀hún”. Ṣùgbọ́n ẹ má wá fi àlàyé yìí dá ilé-ẹjọ́ náà láre. Ọdún 1992 ni John Paul Kejì gbà ní gbangba pé àwọn tó dá Galileo lẹ́jọ́ ṣàṣìṣe. Tí ẹni tó ni ẹjọ́ bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, kí ni ti agbẹjọ́rò?

Báwo ni mo ṣe máa kọ́ wọn láti yẹ ẹ̀rí wò, kí wọ́n má kàn máa há ọdún sórí?

Ìtàn ayédèrú ìwé ni ẹ fi kọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé kan wà tí wọ́n ní Constantine, ọba Róòmù, ló kọ ọ́ fún Póòpù Sylvester ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, tó fi ilẹ̀ ọba Róòmù ní ìwọ̀-oòrùn lé e lọ́wọ́. Àwọn Póòpù ń fi ìwé náà jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1440, onímọ̀ èdè Látìn kan, Lorenzo Valla, jókòó ti ìwé náà, ó ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó rí orúkọ oyè tí àwọn ará Pásíà ń jẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ ní Róòmù. Ó rí i pé ìwé náà dárúkọ Constantinople bí ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù ńlá nígbà tí wọn kò tíì tẹ ìlú náà dó. Ó rí Látìn tí kò jọ Látìn ìgbà Constantine rárá. Ayédèrú ni, ó sì wí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ kì í retí: Nicholas Karùn-ún gbà á síṣẹ́ akọ̀wé ní ààfin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Nicholas tó fọwọ́ sí ìwé 1452 yẹn ni. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé, tó kó ìwé jọ di ilé ìkàwé Vatican, tó gba ẹni tó tú àṣírí ìwé Ìjọ síṣẹ́, òun náà ló fi àṣẹ ìsìnrú lélẹ̀. Mo máa ń fi àwọn méjèèjì sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ léra nítorí èyí. Ọmọ tó bá ti gbé ọkùnrin yìí wò kò ní tètè sọ nípa ẹnikẹ́ni nínú ìtàn pé “èèyàn rere ni” tàbí “èèyàn búburú ni”, kó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn Valla ni mo máa ń gbé ayédèrú tèmi wá. Mo ti fi tíì gbígbóná pa bébà láró, mo ti sun etí rẹ̀ díẹ̀, mo sì fi yíǹkì kọ lẹ́tà oníṣòwò kan sí arákùnrin rẹ̀: “Róòmù, ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, 1582.” Mo máa ń fún wọn ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n á yẹ owó inú rẹ̀ wò, wọ́n á yẹ orúkọ ọkọ̀ ojú omi wò, wọ́n á gbóòórùn bébà. Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dìde lójijì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí àsìkò ìdádúró, ó ní ọjọ́ náà kò sí. Òótọ́ ló sọ. Ọdún yẹn ni Póòpù Gregory Kẹtàlá tún kàlẹ́ńdà ṣe, tí wọ́n sùn ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, tí wọ́n sì jí ní Ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 15. Ní Róòmù, ọjọ́ 10 kò wáyé rárá lóṣù yẹn.

Àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ mìíràn wà ní kíláàsì mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ̀rọ̀ Ogun Àgbélébùú àti Luther?

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ tí òbí wọn bá jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ sọ pé Póòpù Urban Kejì ló pe ogun náà ní 1095, láti gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Ẹ sọ ohun tí ojú àwọn ará Jerúsálẹ́mù, Mùsùlùmí àti Júù, rí nígbà tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajagun náà ní 1099. Ẹ sọ pé ní 1204 àwọn ajagun àgbélébùú mìíràn yí idà padà sí Constantinople, ìlú àwọn Kristẹni, tí John Paul Kejì sì tọrọ ìdáríjì nípa irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì ní Áténì ní 2001. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn òpìtàn Lárúbáwá ìgbà náà pẹ̀lú ti àwọn ará Yúróòpù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yíjú sí ọmọ Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kí ẹ ní “kí ni ẹ̀yin rò sí i?” Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣe é rí, ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ti Luther, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó bí i nínú ní 1517, ìyẹn títà ìdáríjì ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí Àgùdà tó mọ ìtàn tí yóò sọ pé kò ní ìdí láti bínú. Ẹ sì dé 1999, nígbà tí àwọn Lúútà àti Róòmù jọ fọwọ́ sí ìwé kan lórí ìdáláre, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di olódodo, kókó tí wọ́n ti ń jà lé lórí láti ìgbà náà.

Kí ni kí n sọ nípa Póòpù Pius Kejìlá àti ìpakúpa àwọn Júù?

Ẹ sọ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn, ẹ sì fi hàn wọ́n ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, 1943, àwọn Jámánì kó àwọn Júù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Róòmù, ìtòsí Vatican. Póòpù kò sọ̀rọ̀ gbangba láti dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ilé àwọn sístà àti fadá ní ìlú náà ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi àwọn Júù pa mọ́. Méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ilé ìpamọ́ ìwé ti ìgbà rẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, 2020, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Ó dáa kí ọmọ rí i pé ìtàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ti parí kó tó dé.

Ẹni mímọ́ àti iṣẹ́ ìyanu ń kọ́?

Joan of Arc, ọmọbìnrin ará Faransé tó ṣáájú ọmọ-ogun, ni kí ẹ lò. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ wà, ìbéèrè àti èsì, a lè kà á. Ilé-ẹjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù kan darí ló dá a lẹ́bi, wọ́n sun ún ní 1431. Ní 1456, ilé-ẹjọ́ Ìjọ mìíràn fagi lé ìdájọ́ náà. Ní 1920 ni Ìjọ pè é ní ẹni mímọ́. Ní kíláàsì ìtàn, a lè sọ pé ó ní òun gbọ́ ohùn, a lè sọ ohun tó ṣe nítorí rẹ̀. Bóyá láti ọ̀run ni ohùn náà ti wá, kíláàsì ìsìn àti ọkàn ọmọ ló ni ìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú máàkì ìdánwò.

Bí òbí bá wá bínú ńkọ́?

Yóò wá. Òbí kan ti gbé ìwé ọmọ rẹ̀ wá bá mi rí, ó ní mo ń ba ìgbàgbọ́ ọmọ òun jẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà kò gbè mí. Ó ní kí n fo orí náà títí ọdún yóò fi parí. Ó dùn mí gan-an, mo sì gbọ́ràn, ó sì ń dùn mí pé mo gbọ́ràn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ orí tó nira, mo máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, mo máa ń so àwọn ìwé tí a fẹ́ kà mọ́ ọn, mo sì máa ń pè wọ́n wá jókòó ní kíláàsì. Mo máa ń fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti fadá ní ẹ̀dà tiwọn ṣáájú. Àwọn tó wá kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wá tó tún kọ ìwé ẹ̀sùn.

Àyè kò tó, sílábọ́ọ̀sì gùn. Kí ni kí n gé?

Ẹ gé àlàyé tiyín. Ìwé kan tí ọmọ fojú ara rẹ̀ kà sàn ju nóòtù ojú ewé mẹ́rin tí ẹ pè fún wọn kọ.

Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ náà tó pẹ́ jù tí ẹ bá lè rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, á wà lára ògiri ọ́fíìsì tàbí nínú dúrọ́ọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Orúkọ àwọn fadá tàbí sístà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ kedere. Orúkọ àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ gbé e yí kíláàsì ká, kí ẹ sì ní kí wọ́n wá orúkọ ẹyọ kan péré lára àwọn ọmọ ìlà iwájú kí sáà tó parí: nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, nínú ìwé ìrìbọmi bí fadá bá gbà wọ́n láyè, lẹ́nu àwọn àgbà tó ti kàwé jáde níbẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi rí méjì lọ́dún tó kọjá. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sára ògiri.